Átíṣóòkì àti Methylfolate: Èwo Ló Ní Ẹ̀rí Tirẹ̀?

Ìgò méjì kan wà tí mo máa ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú àwọn kẹ́míìsì ńlá, àti nínú ẹrù tí àwọn èèyàn wa tó wà lókè òkun ń fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí wọn nílé. Ọ̀kan jẹ́ kápúsù ewé átíṣóòkì, tí wọ́n ní ó ń tún ẹ̀dọ̀ ṣe, tó sì ń lé kọlẹ́sítẹ́róòlù wálẹ̀. Èkejì ni methylfolate, tí wọ́n ní òun gan-an ni fítámínì fóléètì tí ara mọ̀, pé kí obìnrin tó ń wá ọmọ fi fólíìkì olówó pọ́ọ́kú ti ọsibítù sílẹ̀, kó gba èyí. Ara ìgò méjèèjì ni wọ́n ti kọ ọ́ pé ìwádìí ti fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ohun tó kù ni kí á béèrè pé: ìwádìí wo? Ta ni wọ́n fún ní oògùn náà? Kí ni wọ́n wọ̀n lára wọn lẹ́yìn náà? Bí a bá fi ìbéèrè wọ̀nyí kan ìgò méjèèjì, ìdáhùn wọn yàtọ̀ síra gan-an. Ìyàtọ̀ náà kan owó wa, ó kan ìlera wa, ó sì kan àwọn ọmọ tí a kò tíì bí.

Ẹ jẹ́ kí á mú átíṣóòkì ṣáájú. Kì í ṣe ewéko ilẹ̀ wa. Etí òkun Mẹditaréníà ló ti wá. Ítálì, Íjíbítì àti Sípéènì wà lára àwọn tó ń gbìn ín jù láyé. Òdòdó rẹ̀ tí kò tíì tanná ni wọ́n ń sè jẹ. Ewé rẹ̀ gígùn, tó korò, tí kò bọ́ sínú ìkòkò ọbẹ̀, ni àwọn onísòwò ń fún omi rẹ̀, tí wọ́n ń gbẹ ẹ́, tí wọ́n sì ń dì í sínú kápúsù. Ìbátan ni òun àti ewúro wa pẹ̀lú yánrin. Àwọn onímọ̀ ewéko kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sínú ìdílé kan tí wọ́n ń pè ní Asteraceae. Bí àwọn àgbà wa ṣe gbà pé ohun tó bá korò ń ṣe inú lóore, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará Ítálì gbà, tí wọ́n fi ń mu omi ewé yìí lẹ́yìn oúnjẹ tó wúwo. Ní 1954, àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì níbẹ̀ yọ èròjà kan jáde nínú rẹ̀ tí wọ́n sọ ní cynarin.

Nǹkan àrà kan wà nípa átíṣóòkì tí ẹni tó bá mọ àgbáyun máa fẹ́ gbọ́. Linda Bartoshuk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Science ní 1972 pé bí àwọn kan bá jẹ átíṣóòkì tán, omi lásán tí wọ́n bá mu tẹ̀ lé e á máa dùn lẹ́nu wọn. Àgbáyun ń sọ ohun kíkan di dídùn; átíṣóòkì ń ṣe é sí omi. Ewéko tó lè ṣe báyìí sí ahọ́n ní agbára nínú, n kò jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n agbára lórí ahọ́n kò sọ nǹkan kan fún wa nípa ẹ̀dọ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n ní ó ń gbà ṣiṣẹ́ bọ́gbọ́n mu. Kọlẹ́sítẹ́róòlù ni ẹ̀dọ̀ fi ń ṣe òróòro. Bí òróòro bá ń ṣàn sínú ìfun dáadáa, tí apá kan rẹ̀ sì ń bá ìgbẹ́ lọ, ẹ̀dọ̀ ní láti wá kọlẹ́sítẹ́róòlù mìíràn láti fi ṣe òmíràn, inú ẹ̀jẹ̀ ló sì ti máa fà á. Wọ́n yẹ èyí wò lára ọkùnrin 20 nínú ìwádìí kan tó jáde ní 1994, òróòro wọn sì ṣàn sí i lẹ́yìn tí wọ́n gba omi ewé náà. Rolf Gebhardt ní Jámánì tún fi hàn nínú láàbù pé ó ń dín kọlẹ́sítẹ́róòlù tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ eku ń ṣe kù. Ibí ni ọ̀pọ̀ ìpolówó ti máa ń parí ọ̀rọ̀ wọn, wọ́n á ní wọ́n ti rí i nínú láàbù. Sẹ́ẹ̀lì eku nínú àwo dígí kì í ṣe ìyá àgbà ẹni ọdún 60 tó ń jẹ ẹ̀bà, tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tí kì í sì í sùn dáadáa. Ara èèyàn ni a ní láti yẹ̀ wò.

Bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò nìyí. Wọ́n á kó àwọn tó ní àìsàn kan náà jọ, wọ́n á fi kèké pín wọn sí méjì. Apá kan á gba kápúsù gidi. Apá kejì á gba kápúsù tó jọ ọ́ ní àwọ̀, ní ìwọ̀n, ní gbogbo ọ̀nà, àmọ́ tí kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀. Aláìsàn kò ní mọ èyí tó bọ́ sọ́wọ́ òun, dókítà tó ń wò ó náà kò ní mọ̀. Ọjọ́ ìparí ni wọ́n á tó tú àṣírí rẹ̀.

Ìdí tí wàhálà yìí fi tọ́ hàn nínú ìwádìí tí Englisch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní Jámánì ní 2000. Èèyàn 143 tí kọlẹ́sítẹ́róòlù wọn ga ju 7.3 mmol/L lọ ni wọ́n kó jọ. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, apá kan ń gba 1,800 mílígíráàmù átíṣóòkì lójúmọ́, apá kejì ń gba kápúsù òfìfo. Kọlẹ́sítẹ́róòlù àwọn tó lo átíṣóòkì wálẹ̀ pẹ̀lú ìdá 18.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn ni iye tí àwọn olùtajà ń kọ sára ìgò. Iye kejì tí wọn kì í kọ ni pé ti àwọn tó gba kápúsù òfìfo náà wálẹ̀ pẹ̀lú ìdá 8.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Kápúsù tí kò ní nǹkan kan nínú! Ohun tó fà á kò ṣòro: ẹni tí wọ́n sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dára á dín òróró kù fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an, ẹni tí wọ́n mú nítorí pé iye rẹ̀ ga lọ́jọ́ kan, ó ṣeé ṣe kí iye yẹn sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀ tí wọ́n bá tún un wọ̀n. Nítorí náà, nǹkan bí ìdajì ohun tí kápúsù átíṣóòkì gba ìyìn fún ni kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rẹ́ wa bá sọ pé, “Mo lò ó fún oṣù méjì, ìwé àyẹ̀wò mi sì yí padà,” òótọ́ ló ń sọ. Ohun tí kò lè mọ̀ ni ohun tí ìwé náà ì bá ti sọ ká ní kò lò ó.

Síbẹ̀, àlékún ṣẹ́ kù fún átíṣóòkì nínú ìwádìí náà, mi ò sì fẹ́ fi í dù ú. Àwọn ìwádìí mìíràn lórí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ní Reading, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Bundy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn èèyàn ní 1,280 mílígíráàmù lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjìlá. Èèyàn 75 ló bá wọn dé òpin. Èsì rẹ̀ jáde ní 2008: àwọn tó lò ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìdá 4.2 nínú ọgọ́rùn-ún, ti àwọn tí kò lò ó lọ sókè pẹ̀lú ìdá 1.9. Ìwádìí kẹta, ti 1997, lára èèyàn 44 tí ara wọn le, kò rí ìyàtọ̀ kan pàtó láàárín apá méjèèjì. Ẹgbẹ́ Cochrane, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti kó ìwádìí jọ kí wọ́n sì dá a láre tàbí lẹ́bi, kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ní 2013: àpapọ̀ èèyàn 262. Wọ́n ní àǹfààní díẹ̀ lè wà, àmọ́ pé ẹ̀rí náà kò tíì lágbára tó láti yíni lọ́kàn padà. Ní 2018, àwọn mìíràn kó ìwádìí mẹ́sàn-án jọ, èèyàn 702, wọ́n rí i pé kọlẹ́sítẹ́róòlù burúkú, tí àwọn dókítà ń pè ní LDL, ń fi nǹkan bí 15 mg/dL wálẹ̀.

Ṣé ìyẹn pọ̀? Oògùn státìn, tí dókítà ń kọ fún àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn le, ń gé ìdá 30 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò lára LDL. Ju ìyẹn lọ, wọ́n ti ka òkú fún un. Ní 1994, àwọn dókítà ní Scandinavia parí ìwádìí kan lára aláìsàn ọkàn 4,444, tí wọ́n fi ọdún márùn-ún ó lé ṣọ́: 256 ló kú nínú àwọn tó gba oògùn òfìfo, 182 nínú àwọn tó lo simvastatin, ọ̀kan lára àwọn oògùn státìn. Ẹ̀mí èèyàn ni wọ́n kà níbẹ̀. Ìwádìí átíṣóòkì kò ka ẹ̀mí, kò ka ẹni tí ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀, kò ka ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí méjìlá kò tó fún irú ìyẹn. Ìwé láàbù ni wọ́n kà. Ẹni tí dókítà ti kọ státìn fún, tó wá fi í sílẹ̀ nítorí átíṣóòkì jẹ́ “ewé lásán tí kò lè pani lára”, ti fi ohun tó ní ẹ̀rí ẹ̀mí sílẹ̀, ó gba ohun tó ní ẹ̀rí ìwé. Ó ń dùn mí nígbà tí mo bá gbọ́ irú rẹ̀, nítorí pé ìfẹ́ ni ọmọ fi rán ìgò náà sí òbí.

Ti ẹ̀dọ̀ ńkọ́? Àwọn ìwádìí kéékèèké wà lára àwọn tí ọ̀rá ti bo ẹ̀dọ̀ wọn. Ọ̀kan, tó jáde ní 2018, lo 600 mílígíráàmù fún oṣù méjì, àwọn èròjà tó máa ń jò látinú ẹ̀dọ̀ tó ń ṣàìsàn sínú ẹ̀jẹ̀ sì dín kù. Ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ “fífọ ẹ̀dọ̀” tí wọ́n kọ gàdàgbà síwájú ìgò kò sí nínú ìwádìí kankan nínú wọn, nítorí kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n.

Ohun tí ewé yìí ní ẹ̀rí lé lórí jù lọ, lójú tèmi, ni inú tó ń kún lẹ́yìn oúnjẹ, tó ń wú, tó ń runni, tí dókítà yẹ̀ wò títí tí kò rí egbò tàbí kòkòrò. Holtmann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì yẹ èèyàn 247 tó ní irú ìnira bẹ́ẹ̀ wò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2003: ara tu àwọn tó lo átíṣóòkì ju àwọn tó gba òfìfo lọ. Ibi tí àwọn àgbàlagbà Ítálì ti ń lò ó láti ìgbà pípẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n inú kíkún kò mówó wọlé bí ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ àti ọkàn, ìgò tí mo máa ń rí kì í sì í gbé e síwájú.

Ẹni tí òkúta bá wà nínú àpò òróòro rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan átíṣóòkì láìsọ fún dókítà, nítorí pé ohun tó ń ti òróòro jáde lè ti òkúta náà sínú ọ̀nà tóóró kó sì dí i pa. Bákan náà ni ẹni tí ara rẹ̀ kò gba àwọn ewéko ìdílé Asteraceae. Ní Nàìjíríà, ẹ yí ìgò sẹ́yìn: lábẹ́ gbogbo ìlérí náà, ní lẹ́tà tó kéré jù, ẹ máa rí i pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ yẹn wò. Èèyàn lè máa rò pé nọ́ńbà NAFDAC túmọ̀ sí pé ìjọba ti jẹ́rìí sí iṣẹ́ tí kápúsù náà ń ṣe. Gbólóhùn kékeré yẹn sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Methylfolate ní ìtàn tó jinlẹ̀ ju èyí lọ, ìtàn náà sì dùn ún gbọ́. Ní 1928, dókítà obìnrin kan láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Lucy Wills, lọ sí Bombay ní Íńdíà láti wádìí ìdí tí ẹ̀jẹ̀ fi ń tán lára àwọn aláboyún tálákà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ. Ó gbìyànjú oríṣiríṣi oúnjẹ, ó sì rí i pé Marmite, ohun pípa sára búrẹ́dì tí wọ́n fi ìwúkàrà ṣe, ń dá ẹ̀jẹ̀ wọn padà. Kò mọ èròjà tó wà nínú rẹ̀ tó ń ṣe é. Ní 1941 ni àwọn onímọ̀ ní Texas rí èròjà náà yọ jáde, díẹ̀ báyìí, láti inú ẹ̀fọ́ spinach tọ́ọ̀nù mẹ́rin. Ní 1945, ilé iṣẹ́ ti ń fọwọ́ ṣe é: fólíìkì ásíìdì nìyẹn. Àwọn dókítà Ìbàdàn náà kó ipa nínú rẹ̀. Ní 1968, Fleming, Hendrickse àti Allan tẹ iṣẹ́ wọn jáde lórí bí wọ́n ṣe lè fi fólíìkì dènà irú àìtó ẹ̀jẹ̀ yìí lára àwọn aláboyún Nàìjíríà.

Ìwádìí tó mú fólíìkì di dandan káàkiri ayé jáde ní oṣù keje 1991. Ìgbìmọ̀ ìwádìí ìṣègùn Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbé e kalẹ̀, Nicholas Wald sì ni aṣáájú rẹ̀. Àwọn ìyá 1,817 ni wọ́n kó jọ láti orílẹ̀-èdè méje, gbogbo wọn ti bí ọmọ tàbí lóyún ọmọ tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ là sílẹ̀, tàbí tí agbárí àti ọpọlọ rẹ̀ kò pé. Wọ́n fi kèké pín wọn. Àwọn kan ń gba 4 mílígíráàmù fólíìkì lójúmọ́ kí oyún tó dúró, àwọn kan kò gbà á. Nínú oyún 1,195 tí wọ́n mọ ibi tó parí sí, ọmọ 27 ló ní àbùkù náà. Mẹ́fà wà lọ́dọ̀ àwọn tó gba fólíìkì, 21 lọ́dọ̀ àwọn tí kò gbà á. Ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún ewu náà ló kúrò nílẹ̀. Wọ́n dá ìwádìí náà dúró kí àkókò rẹ̀ tó pé, nítorí kò tọ́ mọ́ láti máa fi fólíìkì du ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Czeizel ní Hungary rí ohun kan náà lára àwọn obìnrin tí kò tíì bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí: mẹ́fà lọ́dọ̀ àwọn tí kò gba fólíìkì, òdo lọ́dọ̀ àwọn tó gbà á. Ní Ṣáínà, láàárín 1993 sí 1995, wọ́n tẹ̀ lé obìnrin tó lé ní 247,000. Hóró 400 máíkírógíráàmù péré lójúmọ́ mú kí àbùkù náà sọ̀ láti nǹkan bíi 4.8 nínú ẹgbẹ̀rún ìbí sí 1.0 ní apá àríwá, níbi tó ti wọ́pọ̀ jù.

Mo kà wọ́n ní kíkún báyìí nítorí pé àwọn ni ìpolówó methylfolate máa ń dúró lé. Wọ́n á ní, “Fóléètì ń dáàbò bo ọmọ inú.” Ó rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ fólíìkì ásíìdì ni gbogbo àwọn obìnrin wọ̀nyẹn lò. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó lo methylfolate. Bí ẹni tó wá iṣẹ́ lọ, tó gbé ìwé ẹ̀rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì ni: ó lè mọ iṣẹ́ náà bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n, àmọ́ orúkọ rẹ̀ kọ́ ló wà lórí ìwé.

Kí ni ìdí tí wọ́n fi ní ó dára ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ? Bí fólíìkì bá wọ ara, ara ń yí i padà ní ìpele-ìpele kó tó di methylfolate, èyí tó ń rìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀. Ìpele tó kẹ́yìn wà lọ́wọ́ èròjà kan tí àbùdá MTHFR ń ṣe. Ní 1995, wọ́n rí i pé oríṣi àbùdá yìí kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ falẹ̀ díẹ̀. Láti ibẹ̀ ni àwọn olùtajà ti fò dé orí pé ẹni tó bá ní oríṣi yẹn kò lè lo fólíìkì rárá, pé kó san owó àyẹ̀wò àbùdá, kó sì máa ra methylfolate. CDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, ti dá wọn lóhùn: ẹni tó gba oríṣi tó falẹ̀ náà lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá ń lo fólíìkì, fóléètì inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì fi nǹkan bí ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti ẹlòmíràn, tí wọ́n bá jọ lo iye kan náà. Hóró kan lójúmọ́ bo àlàfo yẹn. Ohun kan sì wà tí àwọn èèyàn wa ní London àti Houston, tí ìpolówó yìí ń bá lójú fóònù lójoojúmọ́, yẹ kí wọ́n mọ̀: oríṣi àbùdá náà wọ́pọ̀ ní Mẹ́síkò àti Ítálì, àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n gan-an láàárín àwọn ọmọ Áfíríkà ìsàlẹ̀ Sàhárà. Nínú gbogbo ayé, àwa wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn kéré jù.

Kí n má ṣe àbòsí: methylfolate kì í ṣe ayédèrú. Àwọn ìwádìí tó fi òun àti fólíìkì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn fi hàn pé ó ń gbé fóléètì inú ẹ̀jẹ̀ sókè bí ti fólíìkì, nígbà mìíràn ó tilẹ̀ jù ú lọ díẹ̀. Mo gbà pé ó ṣeé ṣe kó dáàbò bo ọmọ náà. “Ó ṣeé ṣe” ni mo sọ. Ẹnikẹ́ni kò tíì ka ọmọ fún un, ó sì nira kí wọ́n kà á, nítorí pé kò sí dókítà tó lè fún obìnrin tó ń wá oyún ní hóró òfìfo mọ́ lẹ́yìn 1991. Nígbà tí èyí tí wọ́n ti ka ọmọ fún bá wà nílẹ̀ lówó pọ́ọ́kú, èmi kò rí ìdí tí obìnrin fi máa fi ọmọ rẹ̀ dán èyí tí a kò tíì kà wò.

Ibì kan wà tí methylfolate ti ní ìwé tirẹ̀: ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Papakostas àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí méjì jáde pọ̀ ní 2012, lára àwọn tí oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì tí wọ́n ń lò kò ràn. Àkọ́kọ́, lára èèyàn 148, kò rí nǹkan kan tó yanjú. Èkejì, lára èèyàn 75, fi 15 mílígíráàmù lójúmọ́ kún oògùn wọn fún ọgbọ̀n ọjọ́: ara ìdá 32.3 nínú ọgọ́rùn-ún wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yá, ìdá 14.6 lọ́dọ̀ àwọn tó gba òfìfo. Ó dùn mọ́ni. Ẹ má gbàgbé pé èèyàn 75 ni, pé ilé iṣẹ́ tó ń ta á ló náwó sí ìwádìí náà, àti pé 15 mílígíráàmù yẹn jìnnà réré sí iye tó wà nínú kápúsù tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì. Nígbà tí wọ́n fi fólíìkì ásíìdì dán irú rẹ̀ wò lára èèyàn 475 ní Wales, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2014, kò ṣe wọ́n ní àǹfààní. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì lè bi dókítà rẹ̀ nípa methylfolate gẹ́gẹ́ bí àfikún sí oògùn. Kò gbọ́dọ̀ fi rọ́pò oògùn náà.

Fóléètì tún kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ra átíṣóòkì nítorí ìwé láàbù gbọ́. Èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní homocysteine. Bí ó bá pọ̀, àrùn ọkàn máa ń pọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Fólíìkì ń gbé e wálẹ̀ dáadáa. Gbogbo èèyàn rò pé ọkàn á sàn pẹ̀lú rẹ̀. Nínú ìwádìí HOPE-2, tó jáde ní 2006, aláìsàn 5,522 lo fólíìkì pẹ̀lú fítámínì B6 àti B12, tàbí òfìfo, fún ọdún márùn-ún. Homocysteine wálẹ̀. Ikú láti ọwọ́ àrùn ọkàn kò dín kù. Nọ́ńbà gbọ́, ọkàn kò gbọ́. Ní Ṣáínà, níbi tí wọn kì í ti í fi fólíìkì sínú ìyẹ̀fun, ti rọpárọsẹ̀ yàtọ̀: nínú àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru 20,702, ìdá 2.7 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní i lọ́dọ̀ àwọn tó fi fólíìkì kún oògùn wọn, ìdá 3.4 lọ́dọ̀ àwọn tí kò fi kún un. Ó jọ pé ẹni tí fóléètì kò tó lára rẹ̀ ni àfikún ń ràn lọ́wọ́, ẹni tó ti yó kò rí nǹkan kan gbà níbẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa, ìbéèrè tó ṣe pàtàkì ju “fólíìkì àbí methylfolate” lọ ni ìgbà tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ọ̀pá ẹ̀yìn àti agbárí ọmọ máa ń pa dé láàárín ọjọ́ 28 sí ìgbà tí oyún dúró. Ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì mọ̀ pé òun lóyún nígbà yẹn. Ẹ wá wo àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní àgọ́ ìlera lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀: oyún oṣù mẹ́rin, oṣù márùn-ún. Fólíìkì tí nọ́ọ̀sì bá fún wọn lọ́jọ́ náà ṣì wúlò fún ẹ̀jẹ̀ wọn, àmọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ti pa dé, tàbí kó ti kọ̀ láti pa dé, ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Kò sí oríṣi fóléètì kankan, bó ti wù kó wọ́n tó, tó lè padà sẹ́yìn. Ìyàwó tó ń retí oyún ló yẹ kó ti máa lo 400 máíkírógíráàmù, títí oyún fi máa pé ọ̀sẹ̀ méjìlá. Ẹni tó ti bí ọmọ tó ní àbùkù náà rí nílò iye tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, dókítà ló sì máa kọ ọ́ fún un.

Ọ̀rọ̀ iye yìí ní ewu kan tí mi ò gbọ́ kí wọ́n máa sọ tó. Hóró fólíìkì pẹlẹbẹ aláwọ̀ ìyeyè tó wọ́pọ̀ jù ní kẹ́míìsì wa jẹ́ 5 mílígíráàmù, ìlọ́po méjìlá àti ààbọ̀ 400 máíkírógíráàmù. Aláboyún kan náà ni wọ́n ń fún ní Fansidar tàbí irú rẹ̀ mu lójú nọ́ọ̀sì, láti ọ̀sẹ̀ kẹtàlá lọ, kí ibà má bàa mú un. Oògùn yẹn ń pa kòkòrò ibà nípa dídí ọ̀nà fóléètì mọ́ kòkòrò náà. Fólíìkì tó bá ti tó 5 mílígíráàmù ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti kìlọ̀ pé kí wọ́n má lo méjèèjì pọ̀. Ẹ ka iye tó wà lára páálí. Ẹ bi nọ́ọ̀sì.

Àwọn tó ní fòníkú-fọ̀ladìde ń lo 5 mílígíráàmù lójoojúmọ́ láti kékeré ní tiwọn, nítorí ẹ̀jẹ̀ wọn ń yára bàjẹ́, ara sì nílò fóléètì láti ṣe tuntun. Ìwádìí kan ṣoṣo, lára ọmọ 117 ní Jàmáíkà ní 1983, ni Cochrane rí tó bá ìlànà mu lórí rẹ̀, fólíìkì kò sì gbé iye ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà sókè ju ti àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí dá a dúró láìbá dókítà sọ̀rọ̀. Ẹ̀rí tí kò tó kì í ṣe ẹ̀rí pé kò wúlò. Àwọn àgbàlagbà ní ọ̀rọ̀ tiwọn náà: fólíìkì púpọ̀ lè dá ẹ̀jẹ̀ padà lára ẹni tí B12 kò tó lára rẹ̀, kí ìwé àyẹ̀wò máa dára, kí iṣan rẹ̀ sì máa bàjẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀.

Àwọn tó wà ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa tó rí ìyípadà kan lórí tábìlì wọn. Òfin tí ìjọba ibẹ̀ ṣe ní 2024 pàṣẹ pé kí àwọn ọlọ́lọ fi fólíìkì sínú ìyẹ̀fun àlìkámà kí 2026 tó parí. Fólíìkì ásíìdì ni wọ́n yàn. Ó lè fara da iná ààrò ju methylfolate lọ, òun náà ni wọ́n sì ti ka ọmọ fún. Ìyẹ̀fun funfun àti irú rẹ̀ ni òfin náà kàn. Ìyẹ̀fun tí wọ́n lọ̀ tèèpo-tèèpo, tí búrẹ́dì rẹ̀ máa ń pọ́n, kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìrẹsì, gààrí àti èlùbọ́. Obìnrin tó ń retí oyún níbẹ̀ ṣì ní láti máa lo hóró tirẹ̀.